Ẹni Tó Fa Etí Òsì

Yàrá Kejìlá, Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ yín kò wú mọ́? Ṣé kílípà tuntun yẹn ti ń gẹrun báyìí, àbí ó ṣì ń fa irun tu lórí àwọn oníbàárà? Mo kí Màámi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé súwẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá mi mu, apá rẹ̀ nìkan ló gùn, bí ẹni pé Òpó ni wọ́n hun ún fún.

Òpó ni mo ń pe ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí mo wà yìí. Ó ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ kọjá bẹ́ẹ̀dì, orí àga mi ló ń gbé e lé kó tó lè sùn. Òun ló ń dúró lábẹ́ àwọ̀n nínú ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì wa.

Ìròyìn méjì ni mo ní. Èkíní dùn: wọ́n ti fi mí jẹ balógun ikọ̀. Kóòṣì wa, obìnrin tí mo sọ fún yín pé kì í rẹ́rìn-ín, wá bá mi ní yàrá ìfọṣọ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó ní òun ti ń wò mí láti ọdún tó kọjá, pé bí eré bá ti kù díẹ̀ kó parí, tí àwọn yòókù ń kánjú, èmi kì í kánjú. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, bí ìparí bá ti dé, ọwọ́ mi ni bọ́ọ̀lù yóò máa wà, èmi ni màá máa sọ ibi tí yóò gbà. Ẹkún gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n aṣọ ìnura tútù ló kún ọwọ́ mi, n kò rí ohun tí mo lè fi nu ojú.

Èkejì, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Wọ́n lẹ àwòrán àwọn ikọ̀ tí a máa bá díje mọ́ ara ògiri. Mo rí Igbákejì níbẹ̀. Igbákejì yín, Bàbá. Ó wọ kóòtù, ó so fèrè mọ́ ọrùn. Òun ni kóòṣì yunifásítì tó wà lódìkejì odò. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀. A máa pàdé wọn lẹ́ẹ̀mejì: nílé wọn nínú oṣù kejìlá, nílé wa nínú oṣù kejì.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe.

Ọmọ yín,
Kúkúrú-bí-ikú.


Ṣọ́ọ̀bù Gbàjámọ̀,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá.

Kúkúrú-bí-ikú, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ bá mi níbi tí mo ti gẹ orí oníbàárà kan dé ìdajì. Ìdajì yẹn ló gbé lọ sílé. Mo ní kó padà wá lọ́la, ó sì ń bú mi lọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ara wa le. Kílípà náà ń ṣe bó ṣe wù ú.

Inú mi dùn pé o di balógun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ni o ti kọ́ bọ́ọ̀lù, níbi tí mo kan irin róbótó mọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ó wọ kóòtù, àbí? Ó so fèrè mọ́ ọrùn? Ǹjẹ́ o wo fèrè náà dáadáa? Bó bá jẹ́ dúdú, tí etí rẹ̀ kan fọ́, tèmi ni.

Mo mú ọkùnrin yẹn láti ibi tó ti ń gbálẹ̀ pápá ìṣeré. Èmi ni mo fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di igbákejì mi. Ó jẹun nínú abọ́ mi, ọmọ rẹ̀ sùn lórí ẹní kan náà pẹ̀lú rẹ. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ gbá àṣekágbá, ó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó ní ojú mi ti ń ṣú, pé n kò dá ọmọ tèmi mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn mọ́ lórí pápá. Mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ojú tó ṣú yìí náà ni mo fi ń fá ẹ̀yìn etí ènìyàn títí dòní, abẹ mi kò tíì gé ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá fi gba ife ẹ̀yẹ náà? Etí òsì ni! Eré tí mo fi ọdún gbọọrọ ronú rẹ̀: balógun á fa etí òsì, ẹni tó ga jù á sáré jáde wá dínà mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, balógun á yà sọ́tùn-ún, á jù ú sínú àwọ̀n. Àwọn oníwèé ìròyìn ní ọlọ́gbọ́n ni Igbákejì, wọ́n ní òun ló dá a. Eré yẹn ló gbé e débi tó wà lónìí, èmi wà níbí, mò ń gbá irun orí olórí. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Jẹ́ kí eré sún mọ́ ìparí. Jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o fa etí òsì rẹ, kí o fà á kó rí i láti orí ìjókòó rẹ̀, kí o sì fi eré mi nà án. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o jù ú. Kì í ṣe Òpó, kì í ṣe òpó iná. Ọwọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́ kó ti jáde. Bó bá ti wọlé, kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí o kọ bó ṣe rí ránṣẹ́ sí mi. N kò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ.

Bàbá rẹ, tí wọ́n ṣì ń pè ní Kóòṣì.


Yàrá Kejìlá,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá.

Bàbá mi,

Ẹ bá mi kí ọkùnrin olórí ìdajì yẹn. Mo ti lọ wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Dúdú ni fèrè náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rí etí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà. Kóòṣì wa ní bí eré bá le, kí n gbé bọ́ọ̀lù fún Òpó lábẹ́ àwọ̀n, torí kò sí ẹni tó lè bá a fò. Bí mo bá fa etí, mo ti ṣàìgbọràn sí i. Ohun mìíràn tún ń jẹ mí lọ́kàn. Igbákejì mọ eré yẹn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà mọ̀ ọ́n, èmi àti ẹ̀ la jọ ń fa etí kiri ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́ ẹni gbé, ṣé àgádágodo kan náà la tún fẹ́ fi tì í mọ́ta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i, kí ẹ sì tètè dá mi lóhùn.

Bí lẹ́tà yín kò bá dé kí ọjọ́ náà tó pé, ohun tí ẹ wí ni màá ṣe. Èmi náà rántí ọjọ́ Ajé yẹn. Èmi ni mo bá yín gbé àpótí yín láti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wá sílé, tí Igbákejì dúró lójú fèrèsé tó ń wò wá, tó ń mu omi. Èmi tí mò ń pè é ní bọ̀dá! Bàbá, èmi náà fẹ́ kó sunkún.

Ọmọ yín.


Yàrá Kejìlá,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá.

Bàbá mi,

Ẹ má bínú bí n kò bá kí yín bó ṣe yẹ lónìí. Lẹ́tà yín kò dé. Mo ṣe ohun tí ẹ wí.

Gbọ̀ngán ìṣeré wọn tóbi ju tiwa lọ, bàtà ń dún lórí pákó rẹ̀ bí eku tó ń han. A gbá a, a gbá a, a wà ní dọ́gba títí ìparí fi kù fẹ́ẹ́fẹ́. Kóòṣì wa pè wá jọ, ó fi ẹfun ya á sórí pátákó: kí bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ Òpó. Mo ní ó ti yé mi. Irọ́ ni mo pa. Mo ti fi àga kọ́ Òpó ní etí òsì nínú yàrá wa, mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbé bọ́ọ̀lù dé àárín. Mo wo Igbákejì. Mo fa etí.

Ó rẹ́rìn-ín, Bàbá. Kí n tó sọ ọwọ́ kalẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín. Òpó sáré jáde láti wá dínà mọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń ṣọ́ mi, ṣùgbọ́n Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Nígbà tí màá fi yà sọ́tùn-ún, ó ti dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Ó já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ mi, ó sá lọ, ó jù ú sínú àwọ̀n wa. Fèrè dún. Gbogbo ilé hó.

Igbákejì wá dúró síwájú ìjókòó wọn. Ó fa etí òsì rẹ̀ sí mi. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á, ó sì ń fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí mi bí ẹni ń kí ọmọ ọwọ́.

Kóòṣì wa kò pariwo. Ó ní balógun tó ń pa irọ́ fún òun kò wúlò fún òun. Òpó ni balógun báyìí. Èmi wà lórí bẹ́ńṣì. Lọ́sàn-án, mò ń fọ aṣọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fà á. Mo bi yín léèrè, ẹ kò dáhùn. Ẹ sọ nǹkan kan fún mi, Bàbá. Ohun yòówù kó jẹ́.

Ọmọ yín.


Yàrá Kejìlá,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun. Ṣé ara yín yá? Obìnrin tó ń pín lẹ́tà nísàlẹ̀ ilé wa ti mọ̀ mí, ó ti máa ń mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Mo lè ka ìbínú. Àìsọ̀rọ̀ yìí ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ọmọ yín.


Ilé,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìn-ín-ní.

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi ìyá rẹ ni. Má wo bí ìlà yìí ṣe ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ojú ọ̀nà nìkan ni kí o máa tọ̀.

Bàbá rẹ kò ṣàìsàn. Ó ń jẹun, ó tún ń bèèrè àfikún. Ó kàn ń gẹrun gbogbo ènìyàn mọ́lẹ̀ jù ni. Ẹni tó ní kó ṣẹ́ díẹ̀ kúrò, á fá a kodoro. Àwọn oníbàárà ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì. Mo ní, “Kọ̀wé sí ọmọ yìí.” Ó ní, “Kí ni kí n kọ?” Mo ní, “Kọ ọ́ pé o ṣì í ṣe.” Ló bá mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá irun tí kò sí nílẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Bàbá tìrẹ, òsì, òsì ṣáá ló mọ̀. Mo sọ fún un lójúkorojú pé bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá: Igbákejì lo sọ ọ́ lù, orí ọmọ rẹ ló bà. Ìtìjú ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí ìtìjú bá ń ṣe bàbá rẹ, ìbínú ló máa ń wọ̀ lẹ́wù.

Má sì rò pé inú kò bí èmi náà. Ẹ̀yìn mi ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn. Ìyá rẹ̀ kì í jẹun láìpè mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ọkọ̀ wọn kọjá níwájú ilé wa, ìyá náà yí ojú sí apá ibòmíràn. Bí o bá rí ọ̀nà, nà wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tìrẹ ni kí o fi nà wọ́n, má fi ti ẹni tó ń gbá irun tí kò sí nílẹ̀.

Jẹun dáadáa. Wọ súwẹ́tà yẹn, kí o ká apá rẹ̀ sókè.

Ìyá rẹ.


Ṣọ́ọ̀bù Gbàjámọ̀,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kìn-ín-ní.

Kúkúrú-bí-ikú,

Mo rí àwọn lẹ́tà rẹ. Ìyá rẹ ní nǹkan kan wà tó yẹ kí n kọ, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni màá kọ.

Ó fa etí sí ọ. Sí ọmọ tèmi! Lójú gbogbo ènìyàn! Láti ìgbà tí mo ti kà á, gbogbo orí tó bá jókòó sórí àga mi, tirẹ̀ ni mò ń rí.

Gbọ́ mi. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, kò ní í fi sílẹ̀ láéláé. Bí o bá tún fa etí òsì, á ní òmùgọ̀ ọmọ òmùgọ̀ ti tún dé, á kó gbogbo wọn lọ sọ́tùn-ún. Nítorí náà, fà á. Jẹ́ kí Òpó sáré jáde bíi ti tẹ́lẹ̀, kó lè dá a lójú. Ìwọ wá yà sósì. Òsì yóò ṣófo. Mo ti fi ìyarun àti ìgò ìpara tò ó sórí tábìlì wò títí; oníbàárà kan ní kí ló dé tí ìpara fi ń sá fún ìyarun, mo ní kó gbé ẹnu dákẹ́.

Ìwọ fúnra rẹ ni kí o jù ú. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ. Gbà á padà. Bí o ó ṣe gbà á, n kò mọ̀.

Ojú rẹ̀, má gbàgbé. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí.

Bàbá rẹ.


Yàrá Kejìlá,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A nà wọ́n.

Màá sọ ọ́ bó ṣe lọ. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo wá “pẹ̀lẹ́” kan nínú rẹ̀, mo wá a títí dé ẹ̀yìn ìwé, n kò rí i. Inú bí mi. Ìbínú náà ló gbé mi dìde, mo gbé lẹ́tà yín lọ bá kóòṣì wa, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ta ló kọ èyí?” Mo ní onígbàjámọ̀ kan ni. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í pọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé bí màá bá ṣe é, gbogbo ikọ̀ ni màá ṣàlàyé fún, kì í ṣe òun àti Òpó nìkan, pé kò sí àṣírí mọ́ nínú ilé òun. Òpó náà ní kí wọ́n gba ipò balógun kúrò lọ́wọ́ òun. Ó ní bí ìparí bá ti ń sún mọ́lé, òun máa ń gbàgbé ẹni tó yẹ kí òun gbé bọ́ọ̀lù fún. Kóòṣì ní òun á rò ó.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngán wa kún dẹ́nu ọ̀nà. Igbákejì wọlé, ó rí mi lórí bẹ́ńṣì, ó wá kí mi lédè wa. Ó ní, “Ọmọ Kóòṣì, etí ńkọ́?” Mo ní, “Ó wà níbi tí ẹ bá a sí, sà.” Ó rẹ́rìn-ín wọlé lọ.

Orí bẹ́ńṣì ni mo wà títí eré fi ń lọ sópin. Wọ́n fi àmì kan ṣíwájú wa. Kóòṣì wa wò mí. Ó ní, “Lọ.” Òpó pàdé mi lórí ìlà, ó fi ọwọ́ gbá mi lórí, ó ní, “Balógun.”

Mo gbé bọ́ọ̀lù dé àárín. Mo fa etí òsì, mo fà á débi tó fi ta mí. Òpó sáré jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Igbákejì fò dìde. Ó ń pariwo lédè wa, láàárín àwọn èrò wọ̀nyẹn, “Ọ̀tún! Ọ̀tún ló ń lọ!” Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n wọ́n rí etí mi, wọ́n ti ń wọ́ lọ sọ́tùn-ún. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló gbọ́ ọ, òun nìkan ni kò sì lọ. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Ó mọ̀, Bàbá. Ọmọ tó bá mi gbé ẹ̀yìnkùlé kan, ó mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe máa ń dúró bí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn. Ó wo bàbá rẹ̀, ó tún wò mí. Bàbá rẹ̀ ké mọ́ ọn, “Ọ̀tún ni mo ní!” Ó bá lọ sọ́tùn-ún.

Mo yà sósì. Ó ṣófo gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Mo lè jù ú. Ẹnìkan ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, mo lè jù ú kó tó dé. Mo rántí pé ẹ ní ọwọ́ mi ni kó ti jáde. Ìgbà yẹn ni mo rí Òpó, ó ti padà sábẹ́ àwọ̀n, òun nìkan. Mo gbé e fún un. Ó fi í sínú àwọ̀n wẹ́rẹ́, bí ẹni fi ìbọ̀sẹ̀ sínú àpótí aṣọ. Fèrè dún.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀rù kò bà mí. N kò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jù ú ni.

Wọ́n ti dá ipò balógun padà fún mi. Mo kí Màámi. Ẹ sọ fún wọn pé ọgbọ́n tèmi ni mo fi parí i.

Ọmọ yín.


Ṣọ́ọ̀bù Gbàjámọ̀,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹta.

Kúkúrú-bí-ikú! Arógun-má-sàá!

A nà wọ́n! Mo ka lẹ́tà rẹ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tó pẹ́ dé. Ọkùnrin olórí ìdajì wà níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó ké lédè wa láàárín èrò! Jẹ́ kó máa ké!

Ti bọ́ọ̀lù tí o gbé fún Òpó, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti gbójú fò ó. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo ka lẹ́tà náà dópin, mo yí i sẹ́yìn, mo tún gbọn àpò ìwé náà wò. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Báwo ló ṣe rí? Ṣé ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀? Ṣé ó jókòó? Ṣé omi wà níbẹ̀? Kọ ọ́ kíákíá. Ohun kan ṣoṣo tí mo tọrọ nìyẹn.

Bàbá rẹ, Kóòṣì.


Yàrá Kejìlá,
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta.

Bàbá mi,

Ẹ kú ayọ̀. Inú mi dùn pé ṣọ́ọ̀bù dùn.

N kò rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí.

Nígbà tí fèrè dún, mo wá a kí n lè fa etí sí i. Ọwọ́ mi ti dé etí. Mo ti ń gbèrò rẹ̀ láti oṣù kejìlá, gbogbo aṣọ tí mo fọ̀ ní yàrá yẹn, òun ni mò ń rò bí mo ti ń fọ̀ wọ́n. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nílẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí bàbá rẹ̀ rán an lọ. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Igbákejì wá dúró lórí rẹ̀. Mo rò pé yóò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó mú kóòtù rẹ̀ lórí àga, ó jáde, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ mi sì wà létí mi, n kò rí ẹni tí màá fà á sí.

Mo mọ ẹ̀yìn yẹn, Bàbá. Mo bá a gbé láti oṣù kejìlá títí Màámi fi kọ̀wé.

Mo lọ fa Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, mo mọ̀, n kò sì tíì dárí ti oṣù kejìlá jì í, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo kàn fà á dìde ni. Ó ní, “Mo mọ̀ pé òsì ni.” Mo ní mo rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Kí ni ǹ bá ti ṣe? Bàbá mi ní ọ̀tún.” Mo ní ó yé mi, torí èmi náà fa etí nígbà tí bàbá mi ní kí n fà á. Ó wá bèèrè yín. Ó ní, “Bàbá Kóòṣì ńkọ́? Ṣé ojú wọn ti sàn?” Mo ní ojú yín kò ṣú rí.

Èyí tí ẹ tọrọ, ẹ ti dúró dè é pẹ́, n kò fẹ́ kí ẹ pàdánù rẹ̀. Dígí méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ bá mi wo inú èyí tó tóbi.

Ọmọ yín.


Ṣọ́ọ̀bù Gbàjámọ̀,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin.

Ọmọ mi,

Mo kọ́kọ́ yí dígí náà kọjú sí ògiri. Àwọn oníbàárà ní báwo làwọn ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá mo gẹ àwọn dáadáa. Ìyá rẹ ló wá yí i padà.

Mo ti wò ó.

Pẹ̀lẹ́. Ìyá rẹ kọ́ ló ní kí n kọ ọ́.

Bá mi kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́, sọ fún un pé irin róbótó yẹn ṣì wà lára ògiri. Má bá mi kí bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá tún pàdé wọn, kí ẹ tún nà wọ́n, mo ṣì fẹ́ kó dùn ún wọ eegun. Mo ti ronú eré mìíràn tó jẹ́ pé imú ni balógun yóò fi ọwọ́ kàn. Ó wà nínú àpò ìwé yìí. Kóòṣì rẹ ni kí o gbé e fún, kó sọ bóyá ó dára. Ẹni tí ọ̀nà bá là fún ni kó jù ú.

N kò ní í bi ọ́ léèrè ojú rẹ̀ mọ́. Ya fọ́tò tìrẹ, kí o fi ránṣẹ́. Wọ súwẹ́tà náà yà á. Ìyá rẹ fẹ́ wo bí apá rẹ̀ ṣe gùn tó.

Bàbá rẹ.